Ìfòfò Nínú Eegun

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ara le?"

Òkè àjà ni ohùn Ìyá Àgbà ti ń wá, ó rọra, ó sì tutù, bí ohùn ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sórí tábìlì kò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀. Àwọn géńdé méjì ló gbé e wọlé, òógùn sì ti mú kí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó di eyín mọ́ra kó má baà ké.

"Ara le, Mà," ó dáhùn. "A dúpẹ́."

Iná tó wà ní igun gíláàsì tí mo fi ń wo àwòrán eegun yọ àwọ̀ ewé. Ìyá Àgbà ti gbọ́ ọ: aláìsàn ní ara òun le. Ó ti fi kún ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ìdáhùn yẹn. Wọ́n á gbé ẹni tí eegun rẹ̀ ti ń jẹrà wọlé, á ní ara le. Wọ́n á gbé ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó sùn wọlé, á ní a dúpẹ́. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Àgbàlagbà ló kí i. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán yìí rò pé àwọn gbọ́n nígbà tí wọ́n fún un ní ohùn ìyá arúgbó kí ará ìlú má baà bẹ̀rù rẹ̀. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí wọn kò rò ni pé kò ní sí ẹni tó máa lè bá a jiyàn mọ́, títí kan àwọn dókítà.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sábẹ́ gíláàsì. Ẹni tó wà lórí tábìlì náà ni Bọ̀dá Oyèlàmí, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi.

Ó ti rí mi. Bó ṣe rí mi ló gbé ojú sí ògiri bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Èmi náà tẹjú mọ́ gíláàsì. Òfin Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ìlú wa sọ pé atẹ̀wọ́ bíi tèmi kò gbọdọ̀ tẹ̀wọ́ sí àwòrán ẹbí rẹ̀. Bí mo bá ya ẹnu pé ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n á ní kí n bọ́ síta, Dókítà Ògúnmọ́dẹdé á sì jókòó sórí àga mi.

Dókítà Ògúnmọ́dẹdé, ọ̀gá yàrá wa, kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Oríkì ló fi ń kí àwọn tó ń gbálẹ̀, kò sì jẹ́ pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wo gíláàsì kẹ́yìn. Iṣẹ́ wa ni pé kí Ìyá Àgbà ya àwòrán eegun, kó sọ ohun tó rí, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara wò ó, kó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé awo dídán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, kó tó di pé wọ́n ṣe ohunkóhun fún aláìsàn. Dókítà a máa gbé ọwọ́ kan lé awo náà, á máa fi èkejì da ẹ̀pà sẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó pa.

"Má mira, ọmọ mi," Ìyá Àgbà ní. Òrùka irin ńlá tó fi ń ya àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gba orí ẹ̀gbọ́n mi kọjá. Bó ti ń lọ ló ń bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Inú odi lò ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Inú abọ́ tìrẹ nìkan lo ti ń jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Abọ́ rẹ̀ sì wà ní ìbàdí rẹ̀ lóòótọ́, bíi ti gbogbo wa, pẹ̀lú ìdérí tí kì í ṣí àfi fún àtàǹpàkò ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń na ọwọ́ sínú àwo kan náà. Fadérera ọmọ mi mọ̀. Tí a bá ti ti ilẹ̀kùn tán, a máa ń jẹun pọ̀, á máa rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

"Ṣé o ti bá ajá jẹun pọ̀ rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú kúrò lára ògiri, ó wò mí, ó sì tún gbójú padà.

"Rárá o, Mà. Mi ò bá ajá jẹun rí."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí abọ́ ajá yẹn gan-an ni wọ́n ti ń fún mi lóúnjẹ.

Kí wọ́n tó bí mi, ìyá wa ti sin ọmọ léraléra. Àwọn ọdún tí ibà ń kó ọmọ ọwọ́ lọ ni. Abà la wà nígbà náà, kí wọ́n tó mọ odi. Nígbà tí èmi dé, wọ́n sọ mí ní Akísàátán, pé kò sí àkísà tí wọ́n máa fi wé òkú mi mọ́, kí n jókòó. Orúkọ nìkan kò tó ìyá wa. Ó ní abọ́ ajá ni kí n ti máa jẹun, kí ikú wò mí, kó rí i pé mi ò jámọ́ nǹkan, kó bá tirẹ̀ lọ. Tanímọ̀la ni wọ́n ń pe ajá náà. Bí bàbá wa bá pa àgbò, tó bá rí ẹ̀dọ̀ tó lé ròrò tó kún fún omi, á gé e sọ fún Tanímọ̀la, Tanímọ̀la á jẹ ẹ́ tán, á wá lá wa lójú, lá wa lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni aràn ti ń gba ara ẹran wọ ara ajá, tó ń gba ara ajá wọ ara ọmọ.

Wọ́n ní mo kọ oúnjẹ náà, pé mo ń ké títí ohùn mi fi há. Bọ̀dá Oyèlàmí ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, ó mọ ohun tó ń rí i lára. Síbẹ̀ ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ọwọ́ bọ inú abọ́ ajá, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Wò ó, Akísà, ó dùn." Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́, títí mo fi ń jẹ ẹ́ fúnra mi.

Ìyá wa kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara wa sọ ọ́ láéláé, pé bí a bá sọ ọ́, ikú á gbọ́, á mọ̀ pé wọ́n tan òun ni. Nítorí náà, nígbà tí mo wọ inú odi, Oyèbísí ni mo ní mò ń jẹ́. Kò sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ tó mọ Akísàátán.

Ẹ má rò pé ìkìlọ̀ ìyá wa ló mú ẹ̀gbọ́n mi purọ́. Ó mọ ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà á bi í pé, "Pẹ̀lú ta ni, ọmọ mi?" Ẹni tí wọ́n bá rí àpò aràn lára rẹ̀, òdìkejì odò ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á sì wá gbogbo ẹni tó bá a jẹun nínú abọ́ kan náà rí, wọ́n á tẹ́ wọn sórí tábìlì. Aràn yìí kì í sì í ti ara ènìyàn kan bọ́ sí ti ènìyàn mìíràn. Gbogbo àwa tí a kàwé ló mọ̀. Òfin ni kò kàwé.

Àwòrán náà yọ tán. Mo wo egungun ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi.

Ìfòfò ni mo rí. Níbi tó yẹ kí eegun ti funfun, kó le, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, kékeré nínú ńlá, ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré, bí ìfòfò ọṣẹ tí wọ́n dà sílẹ̀ tí kò tíì rọ̀. Ó ti gba ìbàdí dé orí itan. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa kan gbé irú àwòrán yìí kọ́ sójú fèrèsé, ọ̀kan látijọ́, ó ní ká wò ó dáadáa nítorí a lè máà rí i mọ́. Ó ní aràn yìí a máa wọ ara ọmọdé, á sùn sínú eegun, á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ títí ọmọdé náà á fi hu ewú. Ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ni kó gún un, torí omi inú àpò náà lè dà sára, kó gbin aràn mìíràn síbi gbogbo, tàbí kó pa aláìsàn lórí tábìlì.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," Ìyá Àgbà wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Jẹjẹrẹ ni. A ó fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ wò. Kò ní pẹ́."

Apá irin tó mú abẹ́rẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, ó dúró sí ìbàdí rẹ̀, ó ń retí àtẹ́lẹwọ́ mi. Iná igun gíláàsì mi di pupa rúsúrúsú.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ nígbà tó wà láyé. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kò lè jẹ́ aràn?"

"Aràn kọ́, ọmọ mi. Kò bá ajá jẹun rí. Inú abọ́ tirẹ̀ ló ń jẹ. Ara rẹ̀ le. Inú ẹ̀dọ̀ ni mo ti ń rí aràn. Gbogbo irú àwòrán eegun yìí tí mo ti rí, jẹjẹrẹ ni ẹ tẹ̀wọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn gún mi lọ́kàn. Àtẹ́lẹwọ́ wa ni Ìyá Àgbà fi ń kọ́ṣẹ́. Bí a bá tẹ̀wọ́, ó gbà pé òótọ́ ni òun sọ, tó bá tún rí irú rẹ̀, á túbọ̀ dá a lójú. Bó bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan, tí a ní "bẹ́ẹ̀ ni, Mà," àṣìṣe náà di ìmọ̀. Mélòó ni irú ẹ̀gbọ́n mi tí a ti gún lórí tábìlì yìí, tí a fi ọ̀wọ̀ àgbà pa? Èmi náà ti tẹ̀wọ́ láwọn ọjọ́ tó rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ rántí.

Mo dìde, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹnu mi fi dé etí rẹ̀.

"Bọ̀dá, aràn ni."

"Mo mọ̀," ó dáhùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ mọ̀?"

"Kí ni ò bá tún jẹ́? Lọ tẹ̀wọ́ ẹ, jàre."

"Tí abẹ́rẹ́ yẹn bá wọlé, ó lè pa yín níbí. Lójú mi."

"Ó sì lè máà pa mí. Ìyàwó kan ò retí mi, ọmọ kan ò retí mi. Fadérera ńkọ́? Bàbá ẹ̀ ti bá òkun lọ. Tí wọ́n bá mú ẹ kọjá odò, ta ló máa di irun fún un?"

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti di apá kan orí Fadérera nígbà tí agogo iṣẹ́ lù. Mo so apá kejì pọ̀ fún un, mo ní tí mo bá dé, màá parí ẹ̀. Ó ní kí n má pẹ́ o, kí àwọn ẹgbẹ́ òun má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mi ò jókòó ti abọ́ ajá nígbà yẹn," ẹ̀gbọ́n mi ní, omi ti dé ojú rẹ̀, "kí o lè wá fi ọwọ́ ara ẹ ba nǹkan jẹ́. Mo ní kí o yè, o sì yè. Ó tán. Má sọ ọ́, Akísà. Mo fi ìyá wa bẹ̀ ọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà Ògúnmọ́dẹdé wọlé, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀wù.

"Oyèbísí, kí ló dé tí iná rẹ ṣì ń retí? Àwọn tó wà níta ti ń kùn."

"Mo ń wò ó lọ́wọ́ ni, sà."

"Kí lò ń wò? Ìyá ti sọ̀rọ̀."

"Mo rò pé aràn ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìyọṣùtì. Ẹ̀rín bàbá ni. "Aràn ajá? Nínú eegun? Nínú odi yìí? Ìgbà wo lo rí ajá kẹ́yìn, ọmọ yìí?" Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ti bá ajá jẹun rí?"

"Rárá, sà," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn kíá.

"O gbọ́? Tẹ̀wọ́ ká lọ jẹun."

Mo padà sídìí gíláàsì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Mo ń rí Ilé Ọmọ Ìlú tó wà létí odò, níbi tí wọ́n ń kó ọmọ àwọn tó kọjá lọ sí. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á tò wọ́n sẹ́nu odi kí wọ́n máa juwọ́ sí ìyá wọn ní òdìkejì. Ọ̀nà jìn débi pé ọmọ kò lè mọ èwo ni ìyá òun. Gbogbo wọn á kàn máa juwọ́ sí gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n bá tètè rí tiwọn, nígbà tó ṣì kéré, a máa lo oògùn, wọ́n a sì padà. Èmi kò tíì bá ẹni tó padà pàdé.

Bí mo bá dákẹ́, wọn kò ní tẹ́ mi sórí tábìlì, màá parí irun ọmọ mi lónìí. Bí mo bá sì dákẹ́, abẹ́rẹ́ yẹn á wọ ìfòfò yẹn.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," Dókítà ní. "Jẹ́ kí n bá ọ tẹ̀ ẹ́."

Ó na ọwọ́ sí awo náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀gá mi, ọwọ́ ẹni tó jù mí lọ, mo dì í mú ní ọrùn ọwọ́ bí ẹni mú olè. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní, orúnkún mi sì ti kan ilẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Mo gbójú sókè àjà. "Ìyá, mo fẹ́ jẹ́rìí. Èmi ni àbúrò rẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà."

"Akísà!" ẹ̀gbọ́n mi ké. Igbe tó ti ń gbé mì láti àárọ̀ ló bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ni orúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Oyèbísí ni wọ́n ń pè mí níbí. Akísàátán ni ìyá mi ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi bá ajá jẹun rí. Nínú abọ́ ajá gan-an. Kò jẹ ẹ́ fún ìgbádùn, ó jẹ ẹ́ kí èmi lè jẹ."

"Ìwọ náà jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Mò ń wo apá irin yẹn bí ẹni wo ejò. Lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà ní, "Ó lè jẹ́ aràn." Apá náà gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò ní ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi, ó káwọ́ padà sókè àjà. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ Dókítà. Kò bínú. Ó ń fi ọwọ́ kejì ra ibi tí mo ti dì í mú, ó ń wo ìfòfò tó wà lórí gíláàsì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú.

Bọ̀dá Oyèlàmí ń sunkún. "O ò ṣe mí ní oore kankan," ó ní. "O gbọ́? O ò ṣe mí ní oore rárá."

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

Wọ́n gbé e sórí àga onítáyà, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá Àgbà ní, "Ó kàn ọ́, ọmọ mi. Wá dùbúlẹ̀."

Mo ti tẹ́ ènìyàn sórí tábìlì yẹn kọjá ohun tí mo lè kà, mi ò sì mọ̀ pé ó tutù tó bẹ́ẹ̀. Òógùn ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí rẹ̀. Òrùka irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ara le?"

Ó ti dé orí ahọ́n mi. *Ara le, Mà, a dúpẹ́.* Mo gbé e mì.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mà."

Iná kankan kò tàn. Ó jọ pé kò ní ibi tó máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó tún bi mí, pẹ̀lú ohùn kan náà, "Ṣé ara le?" Mo tún sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Òrùka náà lọ, ó bọ̀. Mo di ojú mi, mò ń ro irun Fadérera, apá tí mo ti dì àti apá tó ṣẹ́ kù.

"Ara rẹ mọ́, ọmọ mi," Ìyá Àgbà ní. "O lè máa lọ sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi ké "Ha!" ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Dókítà Ògúnmọ́dẹdé mí kanlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún ń du ẹnu mi. Mo fẹ́ fò mọ́ ẹnì kan. Mo fẹ́ sáré títí dé ilé.

"Ọlọ́run ṣeun," Dókítà ní. "Jẹ́ kí n tẹ̀wọ́ sí i kí o máa lọ bá ọmọ rẹ." Ó ti jókòó sórí àga mi. Ó ti ń na ọwọ́. Èmi ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, kò wo gíláàsì.

Bó ti mọ́ mi lára ni mo fi wo àwòrán mi. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo wo egungun ìhà mi, wọ́n mọ́. Mo wo ìbàdí, ó mọ́. Mo wo eegun ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ní ìsàlẹ̀ ọrùn, nínú eegun kan, ìfòfò kékeré kan wà níbẹ̀. Kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ihò wẹ́wẹ́, kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré.

"Ó mọ́, àbí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Akísà, ó mọ́?"

Kò sí ẹni tó rí i. Ìyá Àgbà kò rí i, Dókítà kò wò ó, ẹ̀gbọ́n mi kò mọ àwòrán kà. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n dákẹ́ lọ. Ọwọ́ Dókítà á kan awo, a ó pa àwòrán náà mọ́, màá sì lọ sílé lọ di irun ọmọ mi. Yóò pẹ́ kí hóró àgbàdo yẹn tó di nǹkan. Fadérera á ti dàgbà.

Tí ọwọ́ yẹn bá sì kàn án, Ìyá Àgbà á kọ́ ọ pé bí eegun tó mọ́ ṣe ń rí nìyí. Ẹni tó bá tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú hóró àgbàdo nínú eegun, á ní ara rẹ̀ mọ́. Á máa sọ ọ́ fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn, pẹ̀lú ohùn ìyá arúgbó, a ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí wọ́n á fi gbé wọn wọlé bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀gbọ́n mi. Bí Fadérera náà bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ọ̀rọ̀ irọ́ tí èmi kọ́ ọ ló máa sọ fún un.

Mo wo Bọ̀dá Oyèlàmí. Ó ti kà á lójú mi. Ó ń mi orí, ó ń mi orí.

"Ẹ dúró, sà," mo ní.

Ọwọ́ Dókítà dúró lókè awo.

"Ìyá," mo ní. Mi ò rẹ ohùn mi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ ṣì í. Ẹ tún un wò."

Gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá náà dákẹ́, títí kan kíkùn òrùka irin tí a kì í tilẹ̀ gbọ́ mọ́ nítorí ó ti mọ́ wa létí. Dókítà gbójú sókè àjà bí ọmọdé tó ń retí ìbáwí.

"Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí," Ìyá Àgbà ní. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Níbo, ọmọ mi?"

Òróró irun Fadérera ṣì wà ní ìka mi láti àárọ̀. Mo gbé ìka náà lé hóró àgbàdo yẹn lórí gíláàsì.